Fáìlì .exe lórí MacBook: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò, o ní o ra MacBook tòkunbọ̀, o da sọ́fítíwíà ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà sórí rẹ̀, o tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Jọ̀ọ́, má yí orúkọ fáìlì yẹn láti .exe, tó jẹ́ ti Windows, sí .dmg, tó jẹ́ ti Mac, o. Èmi ti ṣe é rí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà dé ẹnu ọ̀nà, èmi jókòó, mò ń fún fáìlì lórúkọ tuntun bí ẹni ń sọmọ lórúkọ. Nígbà tí ìyẹn kọ̀, mo wá ohun tí wọ́n ní ó ń sọ .exe di .dmg lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáírọ́ọ̀sì ni mo rí gbà.

Gbogbo ìṣísẹ̀ .exe ni ó ti ń ké pe Windows: ya ojú ewé fún mi, bá mi ka fáìlì yìí. Mac kì í jẹ́ orúkọ yẹn. Ògbufọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Wine, láti 1993 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún Linux, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Mac náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ṣí sọ́fítíwíà mi lóòótọ́, inú mi dùn, mo pariwo. Mo wá ki wáyà ẹ̀rọ bọ̀ ọ́: kò mọ̀ ọ́n rárá. Dírábà Windows tí ẹ̀rọ yẹn nílò, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ, Wine kò lè gbé e wọ inú Mac. Òru méjì ni mo fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà bóyá wọ́n ní ti Mac. Bí wọn kò bá ní, tẹ àmì ápù tó wà lókè lápá òsì, wo About This Mac. Bí ṣíìpù, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, bá jẹ́ Intel, Boot Camp, sọ́fítíwíà Apple, yóò jẹ́ kí o gbé Windows gidi sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ M1, ṣíìpù Apple fúnra rẹ̀ tó jáde ní ìparí 2020, tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí Boot Camp níbẹ̀. Èmi ra láptọ́ọ̀pù Windows àlòkù kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gé sítíkà. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé yíyí orúkọ padà máa ń ṣiṣẹ́ fún .pages, fáìlì ìwé tí wọ́n fi Mac kọ. Bí oníbàárà bá gbé e wá sórí Windows, ṣe àdàkọ rẹ̀, sọ ọ́ di .zip, kí o ṣí i: wàá sábà bá àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú odindi, ní kí wọ́n fi PDF ránṣẹ́.

Fláàṣì tìrẹ, fi exFAT fọ́máàtì rẹ̀ nígbà tó ṣì ṣófo, Mac àti Windows á lè kà á, wọ́n á sì lè kọ sí i. Tí oníbàárà bá gbé fláàṣì Mac wá, tí Windows ní àfi kí o fọ́máàtì rẹ̀ kó tó ṣí, yọ ọ́ kíá: fọ́máàtì á nu ohun inú rẹ̀ dànù. Èmi gbà fún un lọ́jọ́ kan. Àwòrán ìgbéyàwó ló wà nínú rẹ̀, ìyá ìyàwó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.