Ọmọ mi ń fi Gordon Ramsay dá mi lóhùn ní kíṣìnì

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú òtútù yìí náà. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo gbé wá o. Ọmọ ọdún 13 ni, Milton Keynes níbí la bí i sí, kò sì sí nǹkan tó ń wò ju àwọn tó ń se oúnjẹ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ, MasterChef rèé, Bake Off rèé, Gordon Ramsay tó ń bú èèyàn bí ẹni ń bú olè rèé, tó bá parí lórí TV á tún gbé fóònù, á lọ máa wò ó lábẹ́ dùfé. Mo rò pé eré ni. Àfi Sunday tó kọjá tí mo bu ẹ̀fọ́ rírò fún un, ó tọ́ ọ wò, ó dákẹ́ bí adájọ́, ó ní mọ́mì, ó dáa o, àmọ́ kò ní "acidity". Èmi! Tí mo ti ń ro ẹ̀fọ́ kí n tó mọ bàbá ẹ̀! Ó tún wá ní ṣẹ́ẹ̀fù lòun máa ṣe. Bàbá ẹ̀ ní ṣé ká lè wá máa dáná fún òyìnbó la ṣe ta ilẹ̀ ká tó rówó fíísà. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé ọmọ tó fẹ́ di ṣẹ́ẹ̀fù yìí, tí n bá ní kó wá fọ abọ́, ẹsẹ̀ á máa dùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú nǹkan yìí gan-an tó ń fà wọ́n? Ṣé kí n ti TV pa ni àbí kí n máa wò ó níran?
Ìyá Tómi

Ìyá Tómi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi níbi "acidity" yẹn, ẹ má bínú, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí ni. Ẹ má ti TV pa o. Leeds ni mo wà, ọmọbìnrin mi ti pé 15 báyìí, àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 9 ló ti ń wo nǹkan wọ̀nyí, mo sì ti jókòó tì í pẹ́ tó láti mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ṣẹ́ ẹ rí i, ìyá tèmi ta àmàlà ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn. Abọ́ fífọ̀ ni mo bá délé ayé. Kí n tó wọ yunifọ́ọ̀mù láàárọ̀ mo ti fọ bàsíà méjì. Gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́yìn ìyá mi yẹn, kò sọjọ́ kan tó sọ fún mi pé ìdí tóun fi ń ṣe báyìí nìyí. Tí n bá bi í pé màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi wọ́n omi sí i, á ní "Yẹra lọ́nà, kí omi gbígbóná má lọ ta sí ẹ lára." Ojú ni mo fi jí gbogbo ohun tí mo mọ̀. Àwọn ará TV yìí ò mọ oúnjẹ sè ju ìyá mi lọ, mo lè búra, àmọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ lẹnu wọn ń lọ, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ń sọ ìdí ẹ̀. Lọ́dún 1998, Delia Smith jókòó lórí BBC, ó ń kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń se ẹyin. Ẹyin o! Ẹyin inú omi! Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ ọjà ẹyin gbéra, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sẹ́ni tó dúró tì wọ́n rí kó sọ bó ṣe ń jẹ́ fún wọn.

Ìkejì ohun tó ń fà wọ́n ni adájọ́ tó ń tọ́ oúnjẹ wọn wò. Ẹ wo Bake Off, ìdíje kéèkì yẹn, dáadáa. Kò sówó níbẹ̀, òdòdó àti abọ́ tí wọ́n ń gbé kéèkì lé lẹni tó bá gbégbá orókè ń gbà, síbẹ̀ àgbàlagbà á dúró sínú àgọ́ yẹn á máa sunkún torí kéèkì ò wú. Lọ́dún 2015 tí Nadiya Hussain gbà á, ó lé ní mílíọ̀nù 13 èèyàn tó wò ó, ọmọ Luton ni, Bangladesh làwọn òbí ẹ̀ ti wá, híjáàbù wà lórí ẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e òun ló ṣe kéèkì ọjọ́ìbí 90 ọdún fún Ọbabìnrin. Àwọn ọmọ wa ń rí ìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ tí òbí ẹ̀ wá láti ibòmíì, ẹnìkan bu kéèkì ẹ̀ jẹ, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, ó wá wo ojú ẹ̀ sọ òótọ́. Àwa ńkọ́? Ọmọ á dín ẹyin, a ó ní "ó dáa, jọ̀ọ́ pa gáàsì."

Ti Gordon Ramsay, ẹ má jẹ́ kí èébú yẹn dẹ́rù bà yín, ìyá mi bú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí Tómi wo MasterChef Junior ti Amẹ́ríkà, ẹ máa rí i bí ọkùnrin yẹn ṣe ń ṣe jẹ́jẹ́ tó bá jẹ́ ọmọdé ló wà níwájú ẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ ìyókù fún un o. Bọ́ọ̀lù ló fẹ́ máa gbá tẹ́lẹ̀, orúnkún ni ò jẹ́. Ó lọ ṣẹrú lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní London àti ní Paris, 1998 ló ṣí ilé oúnjẹ tiẹ̀ ní Chelsea, 2001 ni Michelin, ìwé tó ń fi ìràwọ̀ dá ilé oúnjẹ lọ́lá, fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta, tí kò sí èyí tó jù ú lọ, kó tó wá di baba èébú lórí TV. TV kì í fi ìyẹn hàn. Àlùbọ́sà á ti wà ní gígé nínú abọ́ kékeré, ta ló gé e? Ìkòkò á kàn pòórá, ta ló fọ̀ ọ́? Èèyàn wà tí wọ́n ń sanwó fún láti fọ abọ́ Bake Off, kámẹ́rà ni kì í yà á. Nílé mi, ẹni tó bá dáná ló ń fọ ìkòkò, kò sí àlàyé. Nígbà tí Hilda Baci fi wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 dáná ní Lekki ní May 2023, ọmọ mi ò sùn, ó ń wò ó láìfẹ́ ṣẹ́jú, ó lóun náà lè ṣe é. Mo ní kó dúró din dòdò fún àríyá ìjọ wa. Kò tíì tó ogójì ìṣẹ́jú tó fi bèèrè àga.

Bàbá Tómi ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn. Ọkùnrin bíi tiwọn lèmi náà, mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Tó bá jẹ́ nílé, a ó ní iṣẹ́ obìnrin ni, tí ọkùnrin bá wá wọ kóòtù funfun dúró síwájú kámẹ́rà, a ó ní ọ̀gá ni. Ìyá mi ò wọ kóòtù funfun rí, ìró ló ró, àmàlà yẹn ló fi rán mi níwèé. Ẹ sọ fún wọn pé Adejoké Bakare tó ni Chishuru ní London gba ìràwọ̀ Michelin lọ́dún 2024, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó máa gbà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ẹ sọ ti Kwame Onwuachi náà, ọmọ Bronx. Ìyá ẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí bàbá àgbà ẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 10, ó rò pé họ́lídè ni, ọdún méjì ló lò. Ó padà dé Top Chef, ìdíje oúnjẹ sísè orí TV Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ ẹ̀, Tatiana, wà ní Lincoln Center ní New York báyìí. (Ẹ má ka ibi tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sílé yẹn sí Tómi létí o, á sá lọ bá àwọn sóṣíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé.)

Ó wá ku ẹ̀fọ́ yín. Ohun tí mo ṣe ni pé ní Saturday kan, mo ní kọ́mọ mi gbé fóònù kó máa ya mí bí mo ṣe ń din ata ọbẹ̀, kémi náà máa sọ̀rọ̀ bí ará TV. Mo da ata sórí òróró, ó ń ta pàpàpà, mo ní omi inú ẹ̀ ló ń pariwo yẹn, tó bá ń gbẹ ohùn ẹ̀ á máa wálẹ̀, òróró á sì yọ sétí ìkòkò. Ọmọ ní, "Dádì, kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ gbẹ?" Ẹnu mi wọmi. Ó tó 30 ọdún tí mo ti ń din ata! Mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn, wọ́n rẹ́rìn-ín mi, wọ́n ní, "Ata tí ò bá jinná, ṣebí á máa kan ni." Ọ̀rọ̀ parí. "Acidity" yẹn náà ni kíkan o, Ìyá Tómi! Òyìnbó ń fún lẹ́mọ́ọ̀nù sórí oúnjẹ ẹ̀ kó lè kan díẹ̀, àwa ń dúró ti iná kí kíkan ata àti tòmátì lè lọ. Ẹ̀fọ́ yín ò ní àbùkù, ẹ ti lé ohun tí Tómi ń wá jáde ni. Ẹ pè é, ẹ jẹ́ kó tọ́ ata tútù yẹn wò, kó tún tọ́ ọ wò nígbà tó bá din, ẹ fi irú há a lọ́wọ́ kó gbóòórùn ẹ̀. Tẹ́ ò bá sọ ọ́ fún un, Jamie Oliver, ṣẹ́ẹ̀fù òyìnbó orí TV yẹn, á bá yín sọ ọ́, ẹ sì rántí ohun tójú wa rí lọ́dún 2014 tó gbé jollof tiẹ̀ jáde pẹ̀lú lẹ́mọ́ọ̀nù àti ewé pásílì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ mi ro àmàlà fún mi, kókó inú ẹ̀ tóbi bí ẹyin àdàbà. Mo jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, mo wo ojú ẹ̀, mo ní kókó wà níbẹ̀. Ó lóun mọ̀, pé òun ti padà wo fídíò ọ̀hún, ìgbà tóun ń da èlùbọ́ lòun ń wo kámẹ́rà. Ó lọ fọ ìkòkò.
Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́