Ògiri kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kùn ní pupa

Ìyàwó Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ní ẹ fẹ́ kí pálọ̀ yín pupa fòò kó tó di Ojúde Ọba, lẹ bá ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa kan nígbà tí ọkọ yín wà l'Ékòó, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sórí ògiri funfun. Ó wá rí bátabàta, bí ìgbà tí omi sóbò dà sí aṣọ. Ọkọ yín ní kẹ́ ẹ dá a padà sí funfun, ìyá ọkọ yín ní ṣé ojúbọ Ṣàngó lẹ fẹ́ sọ ilé dà ni. Ẹ ń bi mí bóyá ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún yín.

Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló já yín kulẹ̀. Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ògiri rẹ̀ á tó mítà onígun mẹ́rin 48. Lítà kan kì í kùn ju nǹkan bíi 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, lórí ògiri tó dán. Lítà 4 tó wà nínú gálọ́ọ̀nù yín kò lè yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ká má tíì sọ ẹ̀ẹ̀mejì, àfi tẹ́ ẹ bá lu omi mọ́ ọn. Omi kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ: odindi piọ́wọ́tà ọlọ́ràá kan ti pọ̀ jù fún gálọ́ọ̀nù.

Pupa tún ní ìwà tirẹ̀. Kì í bo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ bí ọ̀dà funfun ṣe ń bò ó. Funfun ìsàlẹ̀ á máa yọjú gba inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ kun àwọ̀ eérú sábẹ́ pupa.

Nítorí náà, ẹ mú ògiri kan, èyí tó wà lẹ́yìn àga ńlá. Kó má jẹ́ èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá wí, pupa tètè ń ṣá. Kó má sì jẹ́ èyí tó fara ti balùwẹ̀, torí iyọ̀ tí ọ̀rinrin ń tì jáde á funfun báláú lórí ẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 220 ha á, ẹ fi àkísà tútù nù ún, kó gbẹ. Ẹ kun àwọ̀ eérú lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró ó kéré tán wákàtí mẹ́rin (bójò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́), kẹ́ ẹ tó kun pupa lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà 14 yóò mu nǹkan bíi lítà 4: gálọ́ọ̀nù kan náà yẹn. Ẹ ra ọ̀dà sátìnì, èyí tó ń dán díẹ̀. Ẹ̀múṣàn pupa, èyí tí kì í dán, bọ́mọdé bá fọwọ́ pa á, àpá ẹ̀ á hàn. Bẹ́ ẹ bá nù ún, àwọ̀ á bá àkísà lọ. Ògiri mẹ́ta tó kù, funfun lẹ́ẹ̀kan, kírímù lẹ́ẹ̀mejì. Gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Èyí tó funfun kínkín máa ń jẹ́ kí pupa rorò.

Ní ti ọkọ yín, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kì í ṣe pupa nìkan ló ń bí i nínú. Ilé tó fi sílẹ̀ kọ́ ló padà bá. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kóun fúnra rẹ̀ yan kírímù tó bá wù ú.

Màmá kò parọ́, pupa àti funfun ni Ṣàngó ń lò. Ṣùgbọ́n pupa náà ni àlàárì. Ẹ tọrọ ògbólógbòó àlàárì lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ fi rán ìrọ̀rí àga. Ojú ìrọ̀rí ínǹṣì 18 kan á gba ọ̀já márùn-ún (awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ di aṣọ òkè), bí ọ̀já bá fẹ̀ tó ínǹṣì 4, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 20. Aṣọ lásán ni kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn ẹ̀. Màmá ò ní lè bú pálọ̀ tí aṣọ wọn wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ má ti àga mọ́ ògiri náà fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kùn ún tán, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti gbẹ: á lẹ̀ mọ́ àga, tẹ́ ẹ bá sì fà á, tòun ti ọ̀dà ni.