Fùkù Elégùsí Tí Alápatà Jẹ Lójú Yín

Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ní ẹ ra fùkù àti ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ alápatà kan tí ẹ ti ń bá rajà tipẹ́, pé nígbà tí ẹ gé e nílé, ẹ bá àwọn hóró funfun tó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè nínú rẹ̀, tó dà bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó. Nígbà tí ẹ gbé e padà lọ bá a, ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ ní tútù lójú yín, ó ní ọ̀rá ni, pé òun ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè sè é jinná dáadáa kí ẹ sì fún àwọn ọmọ jẹ.

Èsì mi ni pé kí ẹ má ṣe jẹ ẹ́, kí ẹ má sì fún ajá jẹ. Mo lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìṣiyèméjì nítorí pé èmi fúnra mi wà lára àwọn alápatà tó ń jẹ ẹ́ lójú oníbàárà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn kí àìsàn tó lé mi kúrò nídìí rẹ̀.

Àwa alápatà ní orúkọ fún ohun tí ẹ rí yẹn: fùkù elégùsí ni à ń pè é. Àwọn hóró náà kì í ṣe ọ̀rá. Kókó ni wọ́n, tí ara màálù mọ yí kòkòrò ikọ́ ife ká kó lè há a mọ́ ojú kan. Ọ̀rá máa ń rọ̀, ọ̀bẹ a sì gba inú rẹ̀ kọjá láìdún. Ṣùgbọ́n elégùsí tó ti pẹ́ máa ń dún kìrìkìrì lẹ́nu ọ̀bẹ bí ẹni ń gé iyanrìn, nítorí pé inú rẹ̀ ti le bí ẹfun. Èyí tí kò tíì le, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó ṣù bíi wàrà ni yóò tú jáde níbẹ̀. Ó sábà máa ń wà nínú fùkù àti nínú àwọn kókó tó wà láàárín fùkù méjèèjì, ó máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, nígbà mìíràn ẹ óò sì rí i tó tò sí inú egungun ìhà bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpò tó kún fún omi mímọ́ gaara ni ẹ rí, ìyẹn yàtọ̀, aràn ló ń fà á, ṣùgbọ́n kò yẹ ní jíjẹ náà.

Ọdún 1996 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́. Kí ọdún yẹn tó parí, mo ti mọ̀ pé bí oníbàárà bá ń kọminú sí elégùsí, ńṣe ni ọmọ iṣẹ́ yóò gé e, yóò jù ú sẹ́nu, yóò gbé e mì, yóò sì rẹ́rìn-ín. Oníbàárà yóò wò ó, yóò rí i pé kò ṣubú, yóò sì sanwó. Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń mú èèyàn rere ṣe bẹ́ẹ̀. Àwìn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ra màálù ní kàrà, ìyẹn ọjà màálù. Ìdájí la ó pa á, a ó tà á títí di ọ̀sán, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni màálù yóò wá gba owó rẹ̀. Bí dókítà ẹran bá ní ká da fùkù àti ẹ̀dọ̀ nù, èrè ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Bí ó bá sì rí i pé àrùn náà ti tàn ká ara ẹran, odindi màálù ló yẹ kó gbẹ́sẹ̀ lé, kò sì sí ẹni tí yóò fún wa ní kọ́bọ̀ dípò rẹ̀. Nítorí náà a máa ń yára. Kí dókítà tó dé ìdí ẹran wa, a ti gé àwọn kókó àárín fùkù dà sínú gọ́tà, a ti ha ibi tó hàn gbangba kúrò, a sì ti da ìyókù pọ̀ mọ́ ti màálù mìíràn. Láti ọdún wọ̀nyẹn títí di òní, èrò mi ni pé títí dìgbà tí ìjọba bá ń san nǹkan kan padà fún ẹni tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹran rẹ̀, ọ̀bẹ alápatà yóò máa ṣáájú ojú dókítà ni.

Ohun mìíràn tó fọkàn wa balẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé àìsàn màálù kì í ran èèyàn. Àwọn alákọ̀wé náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Robert Koch, ará Jámánì tó fi kòkòrò ikọ́ ife han aráyé ní ọdún 1882, dìde níwájú àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1901, ó ní ti màálù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe èèyàn ní ibi. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì parí iṣẹ́ ní 1911, ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń ran èèyàn dájúdájú, pàápàá àwọn ọmọdé tó ń mu wàrà tútù. Nílé wa níhìn-ín, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 rí kòkòrò ti màálù gan-an lára àwọn aláìsàn mélòó kan ní Ìbàdàn. Mo ṣì ń jẹ elégùsí ní ọdún náà.

Ní ìparí ọdún 2013, kókó kan yọ sí abẹ́ àgbọ̀n mi lápá ọ̀tún. Kò dùn mí, n kò sì wúkọ́ rárá. Ìyá mi ní ṣẹ́gẹdẹ ni, àwọn kan ní gẹ̀gẹ̀ ni. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ yí i ká, wọ́n fún mi ní àgúnmu. Ní ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n pè é ní eéwo, mo sì lo oògùn eéwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lásán. Kókó kan di mẹ́ta, wọ́n so mọ́ra wọn, aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù mí lọ, òógùn òru sì ń rin ibùsùn mi gbingbin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn bẹ́. Ohun tó jáde kì í ṣe ọyún bíi ti eéwo; ó ṣù, ó funfun, ó dà bíi wàrà. Mo wò ó nínú dígí, mo sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé mo ti gé irú rẹ̀ lára màálù ju iye tí mo lè kà lọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo gbà lọ. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ikọ́ ife ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò lè sọ pé ikọ́ ife ni, ó lè sọ bóyá kòkòrò náà ti di alágídí sí rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ya ti màálù sọ́tọ̀ kúrò lára ti èèyàn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni dókítà béèrè. Mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan ohun tí mo ń jù sẹ́nu. Ó ṣàlàyé fún mi pé èyí tó bá gba ẹnu wọlé sábà máa ń jókòó sí kókó ọrùn tàbí sí ìfun, kì í fi dandan ṣe inú fùkù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í mọ̀ ọ́n ní ikọ́ ife. Ó tún sọ pé oògùn mẹ́rin ni wọ́n ń lò fún àrùn náà, ṣùgbọ́n kòkòrò ti màálù kì í gbọ́ ti ọ̀kan nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní pyrazinamide. Nítorí náà, dípò oṣù mẹ́fà tí àwọn ẹlòmíràn ń lò, oṣù mẹ́sàn-án ni ó ní kí n fi lo tèmi. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi osùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, oògùn náà a sì máa rìn mí nínú, ṣùgbọ́n n kò fo ọjọ́ kan. N kò san owó oògùn. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi.

Ẹnìkan tí a jọ kọ́ṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ bọ́. Òun wúkọ́ ní tirẹ̀, ó wúkọ́ fún nǹkan bí ọdún kan, wọ́n sì ní ẹnì kan ló fi ikọ́ náà ránṣẹ́ sí i. Òkè àdúrà ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá tí mo lọ kí i láti sọ ohun tí mo ti mọ̀ fún un, wọ́n ti sin ín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú rẹ̀ ni mò ń rí.

Ẹ wá wo ẹ̀rí tí alápatà yín fi hàn yín. Kòkòrò yìí kì í ṣe májèlé tí yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó lè wọ ara lónìí kó sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ọjọ́ ogbó, ìtọ̀ ṣúgà, àìrí-oúnjẹ-jẹ tàbí kòkòrò HIV yóò fi ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bákan náà ló rí lára màálù: èyí tó sanra, tí irun rẹ̀ ń dán, lè gbé elégùsí sínú láìwúkọ́. Láti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó pa á, dókítà ẹran níláti gún un ní abẹ́rẹ́ sí awọ ọrùn, kó sì padà wá lẹ́yìn wákàtí 72 láti wo bóyá ojú abẹ́rẹ́ náà wú. Màálù tó dé kàrà lánàá, tí a fẹ́ pa ní ìdájí ọ̀la, ta ni yóò dúró dè é fún ọjọ́ mẹ́ta?

Ní ti sísè tí ẹ béèrè, òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò náà. Ẹran tí ó bá hó títí dé inú, tí kò sí ibi tó ṣì pọ́n nínú rẹ̀, kòkòrò ikọ́ ife kò ní yè nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ẹran tó dé orí iná, ó ti kan ọwọ́ yín, ọ̀bẹ, pákó ìgẹran àti ọpọ́n ìfọ̀ǹkan, ọ̀bẹ kan náà ni ẹ óò sì fi gé tòmátì tàbí àlùbọ́sà tí ọmọ lè mú jẹ ní tútù. Bí ọwọ́ yín bá ní ojú ọgbẹ́ kékeré, ó lè gba ibẹ̀ wọlé. Màálù tí fùkù rẹ̀ sì kún tó bẹ́ẹ̀ lè ní in ní ibòmíràn tí ojú yín kò tó. Ẹran tí wọ́n fi ṣe súyà tí àárín rẹ̀ ṣì tutù, ibẹ̀ ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù. Ẹ má sì gbàgbé wàrà. Èyí tí wọ́n fi oje bọmubọmu mú dì, tí wọ́n sì sè títí tó fi hó kùtùkùtù, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nọ́nọ̀ tí wọ́n fi wàrà tútù ṣe, kíkan tó kan kò tó láti pa kòkòrò náà, ẹ gbé e kaná kí ẹ tó fún ọmọ mu. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun ń dáàbò bo ọmọ kékeré lọ́wọ́ èyí tó le jù nínú àrùn náà, kò dúró bí odi títí ọjọ́ alẹ́.

Fùkù tó kù nínú fìríìjì yín, ẹ di í sínú àpò náílọ́ọ̀nù méjì, kí ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ níbi tí ajá kò ti lè hú u, nítorí ajá àti ológbò máa ń kó o. Òtútù fìríìjì kì í pa kòkòrò náà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀bẹ àti pákó, kí ẹ sì da omi tó ń hó lé wọn lórí. Ẹ̀dọ̀ tí ẹ rà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá a lọ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ dùn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sọ ọjà tí ẹ ti rà á, nítorí pé ìyókù màálù náà wà nínú ìkòkò àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí kókó tí kò dunni bá yọ sí ọrùn ọmọ, ẹ má dúró de gbẹ́rẹ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ alápatà náà, ẹ má bá a jà. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bá mi wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá ó ń làágùn lóru, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.