Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe lè tọ́jú ẹni tí kátárátì, ìyẹn àìsàn tó máa ń mú kí ẹyinjú ṣú, ò jẹ́ kó ríran dáadáa?

Kó o tó fọwọ́ kan àwọn tó nírú ìṣòro yìí, kí wọn, sọ orúkọ ẹ àti nǹkan tó o fẹ́ ṣe, torí ọwọ́ tó bá ṣàdédé bà wọ́n máa ń já wọn láyà gan-an. Tí wọ́n bá fẹ́ rìn, má fà wọ́n o, jẹ́ kí wọ́n di ìgúnpá ẹ mú, kí ìwọ ṣáájú díẹ̀.

Àmọ́ ìtọ́jú gbogbo èèyàn ò lè rí bákan náà, ibẹ̀ gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Màmá tó jẹ́ Mùsùlùmí á fẹ́ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ omi ò gbọdọ̀ wọ ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ kátárátì fún, ẹ jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹni tó ń dá gbé ńkọ́, ta ló máa bá a kán oògùn sójú? Tí oògùn bá ju ẹyọ kan lọ, so rọ́bà mọ́ ìkan kó lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n.

Tí ojú bá ń ro wọ́n gan-an tàbí tó tún ṣú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sáré padà sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.