Ta Ló Fi Ọmọ Ọdún 10 Ṣe Ògbufọ̀ Ilé?

Ìyá Aláàdìrẹ ti Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ojú ewé mẹ́ta ni lẹ́tà rẹ, owó ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán. Kọ́pù, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín, ṣe tán láti yá ọ ní N400,000. Ọkùnrin kan ti gbé ẹ̀rọ etí wá sí ìsọ̀ rẹ, ó ní tí ọmọkùnrin rẹ bá fi sétí, láàárín oṣù mẹ́ta yóò máa sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Bàbá ẹ̀ fara mọ́ ọn, nítorí ó fẹ́ kí ọmọ náà kúrò ní ilé-ìwé àwọn adití tó ń gbé, kó wá sí “ilé-ìwé gidi.” O wá bi mí pé ṣé kí o yá owó yìí àbí kí o má yá a.

Mo máa débẹ̀. Mi ò kánjú.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì tí o sáré gbà kọjá. O ní nígbà tó wálé ní ọlidé tó kọjá, ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó fọ́ àwo, ó sì lọ ń dá jókòó sẹ́yìn ilé látàárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà lo kọ ọ́ pé: “Àbúrò rẹ̀ obìnrin la ní kó bá wa bi í ní ohun tó ń ṣe é, torí òun nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé.” Ó tán. O padà sórí owó kọ́pù.

Òun nìkan! Ọmọ ọdún 3 ni ọmọkùnrin yìí nígbà tí ibà líle gba etí rẹ̀, ó ti di ọmọ ọdún 14 báyìí. Bàbá wà nílé, ìyá wà nílé, ìyá bàbá wà nílé, ẹ̀gbọ́n méjì wà tí wọ́n ti wọ yunifásítì. Nínú gbogbo yín, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 10, ló kọ́ èdè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú eré ló sì ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin àgbà wá sọ ọ́ di ògbufọ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé o gbọ́ Haúsá. O ní àwọn oníbàárà tó ń ti Kánò wá máa ń wá ìsọ̀ rẹ kàn nítorí pé o lè bá wọn ná ọjà lédè wọn. Ta ló rán ọ lọ sílé-ìwé Haúsá? O rí owó níbẹ̀, o ṣí etí sílẹ̀. O kọ́ “nawa ne,” ìyẹn “èló ni,” lónìí, o kọ́ òmíràn lọ́la, wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí o ṣì í sọ, o rẹ́rìn-ín náà, o tún un sọ. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àdìrẹ kò lè sọ fún mi pé èdè ọwọ́ le jù fún òun.

Wò ó bí ọlidé ṣe rí fún ọmọ yìí. Ní ilé-ìwé, látìgbà tó bá ti jí ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń bá tíṣà ṣawàdà. Ó wá wọ mọ́tò, ó sọ̀ ní Kútọ̀, ó délé, ó rí ẹnu tó ń mì lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ. Ó bi yín pé kí ni, ẹ juwọ́ sí i pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi náà á fọ́ àwo.

O ní wòlíì ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀ nítorí pé ẹ̀mí ìbínú ló ń dà á láàmú. Ẹ gbààwẹ̀ o, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n kó tó di aago ìsínu, kí ẹnì kan nínú ilé yẹn fi ọwọ́ kí i káàárọ̀.

Kí ni orúkọ rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá àgbà sì fi oríkì kún un. Ṣùgbọ́n àwọn adití máa ń fún ara wọn lórúkọ tí ọwọ́ ń pè. Ó lè jẹ́ àpá tó wà níwájú orí ni wọ́n máa wò fi sọ ọ́, ó lè jẹ́ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó dá mi lójú pé ọmọ rẹ ti ní tirẹ̀, òun sì ni gbogbo ọgbà fi ń pè é. Àbúrò rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó bí i ńkọ́?

Bàbá wọn, mo mọ̀ pé ìyàwó yín máa ka èyí sí yín létí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọkùnrin yín ń bàlágà. Irun ń hù, ara ń yí padà, ó ń lá àlá tí kò yé e. Ó ní ìbéèrè tó yẹ kí ọmọkùnrin bi bàbá rẹ̀. Ṣé ẹnu àbúrò rẹ̀ obìnrin ni kó gbà bi yín? Tí àgbàlagbà kan bá sì fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ta ni kó sọ fún? Àwọn oníṣẹ́ibi mọ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n máa ń wá a kiri ni.

Ti ọmọbìnrin náà tún wà níbẹ̀. Ẹ sọ pé nígbà tí inú ń run ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ lọ mú un kúrò ní kíláàsì kó lè bá dókítà túmọ̀. Ọmọ ọdún 10 ló ń ṣàlàyé bí ìgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí fún dókítà! Tó bá túmọ̀ sódì, tí wọ́n fún un ní oògùn tí kò yẹ, ta lẹ máa bá wí? Nínú odindi ojú ewé mẹ́ta, kò síbi tí ẹ ti béèrè bóyá ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́tà bíi tiyín kò tán lọ́wọ́ mi. Òbí tó ń gbọ́rọ̀ ló bí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ adití, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ wa kí ọmọ tó dé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé kò mọ̀ ọ́n lọ́dún àkọ́kọ́. Ọdún kọkànlá ni mò ń bá wí.

Ìyá ọkọ rẹ ní tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ kò ní tú mọ́ láé. Má bínú sí màmá, àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́dún 1880, wọ́n pé jọ sí àpérò àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Mílánù ní Ítálì, wọ́n dìbò pé kí èdè ọwọ́ kúrò ní kíláàsì àwọn adití. Ó di ọdún 2010, ní Vancouver ní Kánádà, kí àpérò kan náà tó da ìpinnu yẹn nù, tí wọ́n sì kábàámọ̀ ohun tó fà. Láàárín méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n na nítorí pé wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Èdè ọwọ́ kì í di ahọ́n lọ́wọ́. Àìní èdè kankan ló ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Láti ibo lẹ ti máa kọ́ ọ? Ilé-ìwé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tíṣà bóyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ adití lè máa wá kọ́ gbogbo ilé, kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ fún un, ẹ má fi “Ọlọ́run á san án fún ọ” lé e lọ. Ẹgbẹ́ àwọn adití Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NNAD ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀. Ẹ wá tiwọn kàn. Àwọn ìjọ kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ìsìn, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bó fẹ́ bó kọ̀, á gbọ́ díẹ̀.

Fídíò wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé wa, ti Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àrùn yírunyírun gba etí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11, ló gbé e wá. Lọ́dún 1960 ló dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn, èyí tó sì dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà ju 30 lọ. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí olùkọ́ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì kọ ọ́, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Ní ti “ilé-ìwé gidi” yín, òfin wà. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, ti ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún ọmọ yìí ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì. Ó tiẹ̀ ní kí èdè ọwọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé gbogbo, láti pírámárì dé yunifásítì. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́ ẹ ń fojú sí, ẹ bi í pé tíṣà wo ló gbọ́ èdè ọwọ́ níbẹ̀. Tí kò bá lè nawọ́ sí ẹnì kan, a jẹ́ pé ẹ fẹ́ mú ọmọ kúrò láàárín àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀, kó wá máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ.

Ó kù owó kọ́pù. Má yá a. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ etí nínú ìsọ̀, tí kò yẹ etí wò, tó tún dá oṣù mẹ́ta fún ọ, oníjìbìtì ni. Ẹ̀rọ etí ń mú ariwo pọ̀ sí i ni. Tí kò bá sí ìgbọ́rọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú etí, kò sí ohun tó máa mú pọ̀ sí i. Gbé e lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ẹ lọ. Kí wọ́n wọn ìwọ̀nba ohun tó ṣì ń gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Tí ẹ̀rọ bá máa wúlò, ẹ ra èyí tí wọ́n wọn sí etí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé owó bátìrì ń bọ̀ lẹ́yìn. Pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ẹ máa kọ́ èdè ọwọ́ ṣá ni.

Ọjọ́ àbẹ̀wò tó ń bọ̀, ìwọ àti bàbá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ fi ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀ nílé, kó bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré.