Àmì ẹ̀yẹ 15 Nauru àti àjẹ́ńtì tó ń ta páàsìpọ́ọ̀tù

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó ń gbé irin, àwọn tó ń kọ́ ọ sì ní ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àjẹ́ńtì kan ní èrò ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, pé ká bá a gba páàsìpọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè kékeré kan, torí ibẹ̀ ni àmì ẹ̀yẹ ti rọrùn. Ó fi Nauru ṣàpẹẹrẹ: wọn ò pọ̀ tó àdúgbò kan n'Íbàdàn, síbẹ̀ wọ́n kó àmì ẹ̀yẹ 15 ní Ìdíje Commonwealth ti 2002. Ó ní ká san ìdajì owó kí oṣù yìí tó parí. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, mà. Ẹ̀yin kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí ní nǹkan yìí lọ́dún yìí, inú sì ń bí mi sí i, torí owó ilé-ìwé ọmọ làwọn èèyàn wọ̀nyí ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, nítorí òun ni wọ́n fi ń dá yín lójú. Òótọ́ ni, Nauru gba wúrà 2, fàdákà 5 àti idẹ 8 ní Manchester, níbi tí ìdíje 2002 yẹn ti wáyé. Àmọ́ àmì ẹ̀yẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀nà méjì la fi ń gbé irin nínú eré wa. Snatch ni kéèyàn fà á látilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà. Clean and jerk ni kó kọ́kọ́ gbé e dé èjìká, kó mí, kó tó tì í sókè. A ó wá ro èyí tó wúwo jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, ìyẹn total. Láti Auckland 1990 títí dé Manchester 2002, àmì ẹ̀yẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Commonwealth ń fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan ṣoṣo lè gorí pèpéle lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan.

Marcus Stephen, ọmọ Nauru tó ń gbé irin, ló fi èyí hàn jù. Ní Auckland 1990, ó gba wúrà kan àti fàdákà méjì. Ní Victoria 1994, wúrà mẹ́ta. Ní Kuala Lumpur 1998, wúrà mẹ́ta. Ní Manchester, fàdákà mẹ́ta. Ẹ kà á: 12, wúrà 7, lọ́wọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo! Mẹ́ta nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àjẹ́ńtì yín ń fi fọ́nnu, tirẹ̀ ni.

Láti Melbourne 2006, total nìkan ni Commonwealth ń fún ní àmì ẹ̀yẹ. Ní Birmingham 2022, àmì ẹ̀yẹ kan péré ni Nauru mú lọ sílé: idẹ tí Maximina Uepa gbà ní ìpele obìnrin oníkílò 76. Ẹ sì wo ẹni tó gba fàdákà níwájú rẹ̀: Taiwo Liadi, ọmọ Nàìjíríà. Ṣé ká wá sọ pé Nauru já láti 15 sí 1 torí wọ́n di ọ̀lẹ? N ò ní kí ẹ rò pé òǹkà nìkan ló fà á o, àwọn akọni wọn àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 2002 wé 2022 láìsọ pé ìlànà ti yí padà, ó ń tan yín jẹ ni. Rafiatu Lawal tiwa náà gba wúrà ní Birmingham, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Ní Ìdíje Pàsífíìkì àti Ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ṣì ń pín in ní mẹ́ta, nítorí náà tí ẹ bá tún rí iye àmì ẹ̀yẹ irin gbígbé níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe kà á.

Ní ti pé ibẹ̀ rọrùn: erékùṣù tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 21 níbùú lóròó (21 km²) ni Nauru. Ilé-ìwé ní Ọsirélíà ni Stephen wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin, lábẹ́ kóòṣì Paul Coffa ní Melbourne. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Kílò irin kì í béèrè orílẹ̀-èdè téèyàn ti wá.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ àjẹ́ńtì yẹn ni pé Stephen fúnra rẹ̀ lọ sí Òlíḿpíìkì Barcelona 1992 lábẹ́ àsíá Samoa. Kí ló dé? Nauru kò tíì ní ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì tí àgbáyé mọ̀ nígbà náà. Ọdún 1994 ni wọ́n tẹ́wọ́ gbà wọ́n, ní Atlanta 1996 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kópa. Akọni orílẹ̀-èdè kékeré ló wá àsíá tó tóbi ju tiẹ̀ lọ, kó lè ráyè gbé irin.

Ìwé ìrìnnà nìkan kò sì tó. Bí ọmọ bá ti ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje àgbègbè tàbí ti àgbáyé, ìlànà Òlíḿpíìkì sọ pé kó dúró ọdún mẹ́ta kó tó ṣojú ibòmíràn, àfi tí àwọn tó yẹ bá fọwọ́ sí i pé kí ó dín kù. Agbẹjọ́rò kọ́ ni mí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ-onílùú. Ẹ bá agbẹjọ́rò tí kò ní èrè kankan nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bi ẹgbẹ́ irin gbígbé ní orílẹ̀-èdè wa.

Ọmọ ọdún 16 ṣì ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kó jẹun dáadáa, kó sùn, kó má fi ebi dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù torí ìpele kankan, kó sì gbìyànjú láti wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ yín tó ń lọ sí National Sports Festival. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: ìwọ̀n ara rẹ̀, snatch rẹ̀ tó dára jù, àti clean and jerk rẹ̀ tó dára jù. Kì í ṣe èyí tó gbé níwájú àwọn ọ̀rẹ́ o, èyí tí àwọn adájọ́ kà ni mo fẹ́.