Báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ èdè Faransé?

Ìbéèrè: Olùkọ́ èdè Faransé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìsánlú. Àwọn ọmọ JSS 2 mi mọ nóòtì kọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè ní èdè Faransé, gbogbo wọn á dákẹ́. Wọ́n pọ̀, a kò sì ní ẹ̀rọ kankan tí wọ́n lè fi gbọ́ èdè náà. Irú iṣẹ́ wo ni mo lè fún wọn ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ tí ó ń da nóòtì kọ láti ojú pátákó kò ní ohun tí ó fẹ́ mọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí yóò la ẹnu rẹ̀ ni èyí tí ọmọ kan ti mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kò mọ̀, tí ó sì jẹ́ pé èdè Faransé nìkan ni wọ́n lè fi bi ara wọn.

Ọjà ni mo fẹ́ràn jù fún èyí, nítorí pé ó ṣòro kí a tó rí ọmọ ilẹ̀ Òkun, ní agbègbè yín ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọn kò tíì rán lọ sọ́jà rí. Ẹ pín wọn sí méjì-méjì lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó sí. Ẹ fún ọmọ kan ní ìwé tí ẹ kọ iye owó àlùbọ́sà, ọsàn, ẹ̀pà àti iyọ̀ sí; kí orúkọ ọjà kan náà wà nínú ìwé ẹnìkejì, ṣùgbọ́n kí àyè owó ṣófo. Ẹnìkejì yìí ni yóò máa béèrè pé « C'est combien, les oignons ? » (Èló ni àlùbọ́sà?), tí yóò sì máa kọ iye tí ó bá gbọ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ìwé ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n á fi ìwé méjèèjì wéra, àṣìṣe á sì hàn sí wọn láìjẹ́ pé ẹ bá wọn wí. Lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n pààrọ̀ ipò, kí ẹ sì fi « C'est trop cher » (Ó ti wọ́n jù) kún un, kí wọ́n lè ná an gan-an.

Ẹ fi owó sẹ́fà, tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, dá iye lé ọjà náà, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà láàárín 70 sí 99, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń kọsẹ̀ jù. Ó máa ń dùn mí pé a ń mú wọn kọ́ òǹkà yìí sórí lásán, nígbà tí ìrànlọ́wọ́ wà nílé. Quatre-vingts, tí í ṣe 80, kò ju ogún mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ọgọ́rin wa rí. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni 70 àti 90: àwa a máa yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́rin kí a tó ní àádọ́rin, ṣùgbọ́n àwọn Faransé a máa fi ẹ̀wá kún 60, wọn a sì pè é ní soixante-dix, 90 wọn sì jẹ́ ogún mẹ́rin àti ẹ̀wá. Bí àwọn ọmọ kò bá mọ òǹkà Yorùbá, ẹ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ wọn.

Ní ti ohùn, fáwẹ̀lì àránmúpè, èyí tí a ń gba imú pè bí « an » àti « in », kì í ṣe àjèjì sí wọn; u inú « rue » ni kí ẹ mójú tó. Kí wọ́n ká ètè jọ bí ẹni tí ó fẹ́ pe « u » Yorùbá, kí wọ́n sì pe « i ».

Ẹ má ṣe dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu nítorí àṣìṣe. Ẹ máa rìn káàkiri, ẹ kọ èyí tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé méjì tàbí mẹ́ta lójú pátákó nígbẹ̀yìn. Ẹ sì ya máàkì sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ nínú ìdánwò àárín sáà, kí ọmọ méjì-méjì wá fi ìwé ọjà náà bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú yín, nítorí bí nóòtì nìkan bá ń gba máàkì, ibẹ̀ náà ni wọn yóò padà sí.